Àwo Bébà Tí Eku Kò Lè Jẹ

Lánàá ni ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ wálé láti ilé ìwé: wọ́n ní kí wọ́n fi bébà àtijọ́ ṣe àwo. Gọ́ọ̀mù tí ìyá rẹ̀ rà fún un tán kí ó tó lẹ ìpele kejì, ó wá jókòó, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mu ún. Mo dìde, mo po ògì díẹ̀, mo gbé e kaná, mo sì ń rò ó títí ó fi ki. Bí òórùn ẹ̀kọ gbígbóná yẹn ṣe gba imú mi ni inú mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ kì í ba èèyàn nínú jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí ẹni tí mo torí rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ kò sí láyé mọ́.

Oko kòkó kan lẹ́bàá Arimogija ni mo gbé dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Ìyá Àgbà, iṣẹ́ oko ló gbé e débẹ̀. Ìgbà tí ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tí kíláàsì kún débi pé ẹni mẹ́rin ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹni méjì. Màámi wà ní Ọ̀wọ̀, ó ń ránṣọ níbẹ̀. Òun àti bàbá mi ti kọ ara wọn, ó sì ti fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Àwọn ará ilé bàbá mi ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan oko wa, èmi náà kò sì gbọdọ̀ lọ bá a. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti rí i kẹ́yìn. Nígbà mìíràn n kì í rántí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí mọ́, màá wá máa pe orúkọ ara mi jẹ́jẹ́ bí ó ṣe máa ń pè é, bóyá ohùn náà á padà wá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé a kò ní ohun ìṣeré o. Agolo mílíìkì ni ọkọ̀ wa, ìdérí ìgò ni táyà rẹ̀, bí a bá sì fẹ́ táyà tí kò ní pariwo, a ó gé sílípáàsì tó ti já. A máa ń ṣẹ́ ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ ní kéékèèké láìjẹ́ kí awọ rẹ̀ já, yóò sì di ẹ̀gbà ọrùn. Kí a tó rìn dé ilé ìwé, gbogbo wa ti di olorì. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bí o ṣe ìgbálẹ̀, bí o ṣe abẹ̀bẹ̀, ilé Tíṣà ló ń gbẹ̀yìn sí. Ilé Tíṣà nìkan ni mo mọ̀ tó ní ogójì ìgbálẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ sì dọ̀tí.

Ní táàmù yẹn, Tíṣà ní àwo bébà ni a ó ṣe. A ó ya bébà wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, a ó gún un lódó, a ó pò ó mọ́ ẹ̀kọ tó ki. A ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn abọ́ tí a ti fi epo pa, kí ó má baà lẹ̀ pinpin. Bó bá gbẹ, a ó yọ abọ́ kúrò. Tíṣà ní ẹni tí àwo rẹ̀ bá dára jù ni yóò bá òun lọ sí Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn ilé ìwé yóò ti pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn yòókù gbọ́ ọkọ̀, wọ́n gbọ́ búrẹ́dì. Èmi, màámi ni mo gbọ́.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún, Tinúkẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. A jọ ń pọnmi, a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, bí wọ́n bá na ọ̀kan nínú wa, èkejì á bá a sunkún. Ó ní, "Ìwọ lo máa lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú èmi, màá ní inú ń run mí, kí wọ́n lè mú ẹ." Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà pé ilẹ̀ á mọ́.

Eku ni ọ̀tá àwo bébà, nítorí ẹ̀kọ inú rẹ̀. Ìyá Àgbà sì ní ọgbọ́n kan. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí ló ń tà lọ́jà: ó ń fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì àti ẹ̀kọ lẹ inú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀gúsí má baà jò, eku kan kì í sì í fẹnu kàn án. Omi ewúro tó kọ́kọ́ fún, èyí tó korò jù, ló fi ń po ògì rẹ̀. Ó kọ́ mi nítorí àwo náà. "Ọma mi, àṣírí ulé ni," ó wí. "Bí o bá sọ ọ́ síta, ta ni yóò tún ra apẹ̀rẹ̀ mi?" Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo búra fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti sọ ọ́ fún Tinúkẹ́.

Tinúkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ òun korò, ògì lásán ló fi ṣe tirẹ̀. Abọ́ Ìyá Àgbà ni a fi ṣe méjèèjì, wọ́n wá jọra bí ìbejì, àfi pé etí tèmi tẹ̀ wọnú níbì kan, níbi tí àtàǹpàkò mi ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Ní ọjọ́ Ẹtì, a kó gbogbo àwo lọ sílé ìwé. Tíṣà pín bébà pélébé fún wa, ó ní kí a kọ orúkọ wa, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àwo. Ẹ̀kọ ilé ìwé, tí kò ní ewúro nínú, ni mo fi lẹ orúkọ tèmi. N kò tilẹ̀ rò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, Tinúkẹ́ ni gbígbá kíláàsì kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí àwa yòókù dé, eku ti ba gbogbo àwo jẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lódindi. Mo rí ibi tí àtàǹpàkò mi tẹ̀, inú mi dùn, mo yí i padà. Tinúkẹ́ ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, bébà náà sì ṣì tutù lọ́wọ́. Orúkọ mi nìkan ni eku rí jẹ lára àwo yẹn, Tinúkẹ́ sì ti lẹ tirẹ̀ síbẹ̀ kí a tó dé.

Tíṣà gbé àwo náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án, ó sì tutọ́. "Kí ni ẹni tó ṣe èyí fi sí i?" Mo la ẹnu. Ojú Ìyá Àgbà ni mo rí, mo sì tún pa ẹnu dé. Tinúkẹ́ dìde. "Omi ewúro ni mo fi po ògì rẹ̀, sà, èyí tí mo kọ́kọ́ fún. Àṣírí ilé wa ni."

Àṣírí ilé wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló tún sọ, kò yọ ọ̀kan kúrò. Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo ṣe é. Tíṣà bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀ nígbà tí òun bèèrè. Ó fi báírò pupa kọ orúkọ Tinúkẹ́ sí ìdí àwo náà gan-an, kí eku má baà tún jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì pè mí ní olè títí táàmù fi parí.

Inú kò run Tinúkẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí ọkọ̀ fi kọjá, kò wojú mi. Ìrọ̀lẹ́ ló mú búrẹ́dì wá bá mi. "Màmá ẹ ló ní kí n fún ẹ. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí, ó ń wo ojú gbogbo ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti fún un ní àwo náà." Mo ní, "Ta lo sọ fún un pé ó ṣe àwo náà?" Ó ki búrẹ́dì náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì lọ. Mo jẹ búrẹ́dì náà tòun ti ẹkún, ebi ń pa mí, ìyá mi ló sì rà á. Láti ọjọ́ náà, èmi àti Tinúkẹ́ kò pọn omi pọ̀ mọ́.

Kò pẹ́, gbogbo abúlé ti ń fi omi ewúro lẹ apẹ̀rẹ̀ fúnra wọn, ti Ìyá Àgbà sì kúnlé, kò rí ẹni rà á. Mo sọ fún un pé Tinúkẹ́ ló tú àṣírí. Ìyá Àgbà ní, "Ta ló sọ fún Tinúkẹ́?" Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì, kò sì kọ́ mi ní nǹkan kan mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí mo wọ ilé ìwé gíga, bàbá mi gbà kí n máa gbé lọ́dọ̀ màámi. Àwo náà ni mo kọ́kọ́ rí lórí maṣíìnì rẹ̀, ó kó òwú àti bọ́tìnnì sínú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ṣe èèyàn," ó wí. "Ọmọ ọlọ́mọ fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ta mí lọ́rẹ." Mo wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Gbogbo oníbàárà ló ń fi í hàn, tó ń ṣàdúrà fún Tinúkẹ́, tí èmi sì ń ṣe àmín. Èyí dùn mí ju ti ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní kí èèyàn máa dárí jini. N kò tíì ṣe é.

Gọ́ọ̀mù inú ike ni tayé ìsinsìnyí, ọmọ kò sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gún bébà lódó mọ́. Eku ni kò tíì yí padà. Lánàá, nígbà tí ọmọ ọmọ mi ń wá àwo tí òun yóò wò ṣe tirẹ̀, mo gbé ti màámi sílẹ̀ fún un láti orí pẹpẹ. Ó yí i padà. Báírò pupa náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. "Màmá Àgbà, ta ni Tinúkẹ́?"

Mo ní kí ó fi ahọ́n kàn án. Ó fajú ro, ó ní ó korò.

"Èmi ni mo ṣe é," ni mo wí.

Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó gbà mí gbọ́. Mo lọ já ewúro lẹ́yìnkùlé, mo fún omi rẹ̀ sínú ẹ̀kọ tó wà níná. Ó kọ orúkọ mi gàdàgbà sórí bébà pélébé kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ bo ti Tinúkẹ́ mọ́lẹ̀.