Obìnrin Tó Ní Kí N Bá Òun Gbé Igi Rù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi, kì í sì í ṣe pé mo lá a lálàá. Mi ò mutí, mi ò fa sìgá. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní Ìkàrẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ohun tí kò nídìí. Ẹ wá gbọ́ tèmi báyìí.

Mi ò sọ ọ́ torí kí n lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Mò ń sọ ọ́ torí pé mo ṣe nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, títí di òní mi ò sì mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe yẹn pa èèyàn ni àbí kò pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó.

Eré ìdárayá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ti gbé ìlú òyìnbó rí. Òun ló sọ fún wa pé lọ́hùn-ún, nígbà òtútù, wọ́n máa ń ṣe ìdíje kan tó pín sí mẹ́ta: wọ́n á sáré, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á tún wá de igi pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ lórí yìnyín lọ. Ó ní kí àwa náà ṣe tiwa. A ní yìnyín dà? Ó ní ọyẹ́ ni yìnyín tiwa, pé dípò ká máa yọ̀ kiri, ká wẹ odò. Ẹni tó bá ti bọ́ sódò rí láàárọ̀ ọyẹ́ ní Àkókó mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò purọ́.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì bá forúkọ sílẹ̀. Sùlé ń tún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkàrẹ́ níbí, Dàpọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni mẹ́ta mẹ́ta là ń forúkọ sílẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá sì dé kẹ́yìn nínú yín ni wọ́n máa fi ṣírò fún gbogbo yín. Ẹ ò rí wàhálà? Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn. Tíṣà Ìgbín ni wọ́n ń pè mí. Sùlé á ní, "Tíṣà, ṣé ò ń bọ̀ ni àbí ò ń máàkì ìwé lọ́nà?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá ba nǹkan jẹ́ fún wọn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè la máa ń ṣe é, tí Sùlé bá ti kírun àárọ̀ tán. A á kọ́kọ́ wẹ odò tí wọ́n sé. Ẹ gbà mí gbọ́, ehín máa ń gbá ehín lẹ́nu wa. Lẹ́yìn náà, a á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀kà, a á gbé kẹ̀kẹ́ sọ́dọ̀ Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń din àkàrà nídìí ọ̀nà oko. Ibẹ̀ la ti máa sáré gba ọ̀nà oko lọ títí dé ìdí igi máńgòrò ńlá kan, ká tó tún sáré padà. Òfin kan ṣoṣo tí Sùlé ṣe ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dúró. Ó so aago mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní, "Tó o bá dúró pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mọ́ńdè kan wá dé.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Òkè Ọ̀kà bó ṣe tóbi tó yẹn, èèyàn ò lè rí i. Ètè mi ti là, imú mi gbẹ, ìró ẹsẹ̀ ara mi nìkan ni mò ń gbọ́ lójú ọ̀nà. Sùlé àti Dàpọ̀ ti wà níwájú tipẹ́. Mo wo aago, mo tún un wò: látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀, mi ò yára tó báyẹn rí. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìyá àgbà kan jókòó lórí òkúta létí ọ̀nà, ìdì igi ìdáná wà níwájú ẹ̀, ó ti ká òṣùká lé orí. Aṣọ ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ jù fún irú ọyẹ́ yẹn.

"Ọmọ mi," ló wí, "bá mi gbé e rù." Ohùn ẹ̀ rọra jáde, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, èèyàn kì í bá ẹlẹ́rù lọ́nà kó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Kódà ká ní ẹ ti ń bá ara yín jà láti ọdún mẹ́ta, wàá gbé ẹrù rù ú ná, kẹ́ ẹ tó máa bá ìjà yín lọ. Ọmọ kékeré mọ èyí. Ká ní ìyá mi wà láyé tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, á gbá mi létí.

Mi ò dúró. Aago ń lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù," ni mo ń wí, tí mò ń sáré lọ. "Mò ń padà bọ̀ nísinsìnyí. Tí mo bá dé, màá gbé e rù yín."

"Màá dúró dè ọ́," ló fi dá mi lóhùn.

Kò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí mo dé ìdí máńgòrò, Dàpọ̀ wo aago mi, ó pariwo. Sùlé gbé mi sókè bí ọmọ. Gbogbo wa ń fò, à ń gbá ara wa lọ́wọ́, tí pikọ́ọ̀pù kan tó kó iṣu fi dé láti ọ̀nà kejì tó jáde sí títì. Ọmọ iléèwé ń retí mi. Dàpọ̀ ní ká kúkú gun ún, pé ó máa já wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Bọ̀sẹ̀. A gun ún. Títì la gbà, kì í ṣe ọ̀nà oko. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí obìnrin yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Alẹ́ ni mo tó rántí. Ìyàwó mi pọnmi sínú garawa, ó ní, "Bàbá Tómi, ẹ wá bá mi gbé e rù." Bí mo ṣe gbá etí garawa mú báyìí, obìnrin yẹn bọ́ sí mi lọ́kàn. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹlòmíì á ti gbé e rù wọ́n. Ọ̀nà oko kì í dá." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Lọ́jọ́ kejì, mi ò lọ wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò lọ. Ìdánwò wà níléèwé, ìyẹn ni mò ń sọ fún ara mi. Àwáwí lásán ni, ẹ̀yin náà mọ̀.

Tọ́sìdè dé, ọyẹ́ tún bo ilẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tún wà níwájú. Bí mo ṣe yọ sí kọ̀rọ̀ yẹn, ó wà níbẹ̀.

Orí òkúta kan náà. Òṣùká kan náà. Ìdì igi kan náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró. Mo pa aago. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi."

"O pẹ́," ló wí.

Ó tún òṣùká ẹ̀ ṣe, ó tẹ orí síwájú díẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé igi náà. Ó wúwo. Mo gbé e lé e lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù ru èèyàn rí mọ̀ pé ó níbi tí ọrùn onítọ̀hún á ti gba ẹrù, tí ọwọ́ tìẹ á sì fúyẹ́. Ìgbà yẹn lo máa tó fi sílẹ̀. Mò ń retí ẹ̀. Igi ti wà lórí òṣùká, ojú mi ló rí i. Obìnrin náà ti fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àmọ́ gbogbo ìwúwo igi yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo dẹ ọwọ́ díẹ̀. Igi ń bá ọwọ́ mi bọ̀ nílẹ̀. Kò sí ọrùn kankan tó gbà á.

"Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́," ó sọ ọ́ sí mi létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Orí mi wú. Mo tún igi yẹn gbé sókè, mo dúró bẹ́ẹ̀, apá ń ro mí, òógùn ń bọ̀ lára mi nínú ọyẹ́. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohùn Sùlé ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Ó ti padà wá wò mí.

"Tíṣà! Kí lò ń gbé igi dání fún?"

"Bá mi mú Màmá," ni mo wí. "Ẹrù náà ò jókòó lórí wọn."

"Màmá wo?"

Mo wo iwájú mi. Èmi nìkan ni mo nawọ́ sókè bẹ́ẹ̀, igi wà lọ́wọ́ mi, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀. Ó fọ́ yángá, ikán ti jẹ inú ẹ̀.

"Súbúhànallàhì," ni Sùlé wí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fà mí lọ́wọ́ títí a fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ̀sẹ̀.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbọ́ ọ, ó káwọ́ lérí. Ó ní lóòótọ́, wọ́n bá òkú ìyá àgbà kan níbẹ̀. Ó wá láti abúlé kan lẹ́yìn òkè, ó ṣẹ́gi, kò rí ẹni gbé e rù ú, ó jókòó títí ọyẹ́ fi mú un pa. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní, "Ọyẹ́ èṣí ni."

Ọlọ́kadà kan tó ń ra àkàrà bá gbójú sókè. "Èṣí kẹ̀? Mọ́ńdè yìí ni. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e gba ibí."

"Irọ́ ni, èṣí ni mo gbọ́ ọ."

"Ìyá Bọ̀sẹ̀, Mọ́ńdè ni wọ́n sọ fún mi!"

Wọ́n ń jiyàn, àkàrà ń jó. Èmi jókòó sílẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń dà mí láàmú? Tọ́sìdè, mo mọ ohun tí mo rí, kò sí ẹni tó lè gbà á lẹ́nu mi. Mọ́ńdè ni mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ èṣí ló kú, òkú ló bẹ̀ mí lọ́jọ́ méjèèjì, mi ò jẹ̀bi ju àìlẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ Mọ́ńdè yẹn ló kú, a jẹ́ pé alààyè ló bẹ̀ mí. Ó jókòó síbẹ̀ torí pé mo ní mò ń bọ̀. Bóyá ẹlòmíì tiẹ̀ kọjá, tí Màmá sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, pé ọmọ òun kan ń bọ̀ wá gbé e rù òun.

Ẹ má sọ fún mi pé ikán tó wà nínú igi ti fi hàn pé ó ti pẹ́. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ikán. Igi gbígbẹ tí èèyàn ṣẹ́ lóko lè ti ní ikán nínú kó tó dì í. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú. Sùlé ní òun ò rí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Dàpọ̀ ní ó dà bíi pé ẹnì kan kí òun nínú ọyẹ́, òun dáhùn láìwo ẹ̀gbẹ́, àmọ́ òun ò lè búra.

Lọ́jọ́ Sátidé, Sùlé fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí abúlé náà. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa lómi. Ọkùnrin kan ní ọmọ ìyá àgbà náà lòun, ó ní ṣé kò sí o. Mo ní a kàn ní ká wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Ó dúpẹ́, kò sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, èmi náà ò bi í.

Iwájú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ á mọ̀ bóyá erùpẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ni tàbí koríko ti hù lé e. Láti ìgbà tá a ti dé títí a fi kúrò, ojú òrùlé ni mò ń wò. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù ilẹ̀ yẹn bà mí ju ti òkú lọ.

Sùlé wo ilẹ̀ náà. Mo rí i nígbà tó wò ó. Kò sọ nǹkan kan fún mi títí a fi délé, kò sì tíì sọ ọ́ di òní. Mi ò bi í.

Wọ́n ṣe ìdíje náà, Dàpọ̀ mú àbúrò ẹ̀ dípò mi. Mo ṣì máa ń sáré díẹ̀díẹ̀ ní Ìkàrẹ́, torí ara mi nílò ẹ̀, àmọ́ mi ò gba ọ̀nà oko yẹn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré láàárọ̀, tàbí tẹ́ ẹ kàn ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ bá òun gbé ẹrù rù, ẹ dúró, ẹ gbé e rù ú. Ẹ má sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dúró deni lóòótọ́.

Àwọn èèyàn máa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn fojú kan òkú. Èmi, ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá jí, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ òkú ni mo rí lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn.