Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ilé Àna Mi

Ní ọjọ́ Àìkú tí a jọ lò kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ìgbẹmọ lórí atẹ. Ó ní kí n gbé fóònù súnmọ́ òun, nítorí eruku ìrẹsì ti kún òun lọ́wọ́. Mo na fóònù sí i lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ lóògùn.

Ó wo fóònù, ó wò mí. "Ṣé èmi ni Pírínsípà ni?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ó dá a ṣe lọ́jọ́ kan o. Èmi ò lè máa ṣe agbẹnusọ títí ayé."

Ó wá yí ohùn padà sí ti ìlú rẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará ulé mi. Àna yín ń kí yín. Ó ní ìpàdé ọ̀la, aago mẹ́jọ ni. Ẹni tó bá pẹ́ ni yóò ra àkàrà."

Ohùn náà lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí mo jẹ́ ọ̀gá wọn. Ìyàwó mi kò kọ́ni níbẹ̀ rí. Lẹ́tà kan tí mo kọ ló sọ ọ́ di agbẹnusọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Ìgèdè-Èkìtì. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n mọ̀ pé n kò bínú. Nígbà tí ìwé dé pé wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá àgbà, tí wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìgbẹmọ, ìlú ìyàwó mi, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Ẹ̀yin tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn níjọ́ ìdána! Ẹ wá di ọ̀gá wọn!"

Bí iṣẹ́ ìjọba ti kọ́ mi, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí n tó dé ibẹ̀: ohun mẹ́jọ, pẹ̀lú nọ́ńbà, láti orí àkókò tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ dé títí dé orí ilẹ̀ gbígbá. Mo ní kí igbákejì mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá àwọn olùkọ́. Ní ọjọ́ Ajé, mo de táì, mo dé. Wọ́n kí mi bí ènìyàn ṣe ń kí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ń wo ojú ọ̀run.

N kò mọ̀ pé àbúrò bàbá ìyàwó mi ni. Méjì nínú àwọn olùkọ́ náà jẹ́ ọmọ ilé wọn. Obìnrin kan nínú wọn ló ṣàánú mi ní ọ̀sán. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà kí àna?"

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ohun mẹ́jọ! Ẹ tún fi nọ́ńbà sí i! Ẹ gbọ́, láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bọ́ táì yẹn, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi kékeré."

"Níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́?"

"Àwọn gan-an ló yẹ kó rí i."

Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ hó yèè. Bàbá wò mí láti òkè. "Dìde, àna mi. Ẹ̀yin ọ̀gá ìsinsìnyí, ẹ ń dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́." Ó wá ní, "Mo gbọ́ pé ìwé rẹ gùn. Èwo ló kàn mí níbẹ̀?"

Mo ní kí ó máa ti géètì ní aago mẹ́jọ ni.

"Ìyẹn nìkan? O ò bá ti fẹnu sọ ọ́ fún mi!"

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi a sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ìyàwó mi, òun a kọ́kọ́ kí wọn, a sì wá sọ ọ́ sínú fóònù. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lóhùn, tí wọ́n ń bú mi ṣeré.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ ìrẹsì yẹn, gbogbo wọn ni wọ́n dé ìpàdé lásìkò. Èmi nìkan ni n kò dé. Àìsàn òjijì kọlu ìyàwó mi lóru, mo gbé e lọ sí ọsibítù, ilẹ̀ kò sì tí ì mọ́ tán tí ó fi kú. A sin ín sí Ìgbẹmọ. Bàbá géètì ló di ọwọ́ mi mú títí a fi parí.

Lẹ́yìn náà, n kò fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta. Igbákejì mi pè mí. "Sà, wọ́n ń bi mí bóyá ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀." N kò lè sọ pé rárá. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n gbé mi padà sí Ìgèdè. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, n kò tí ì fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, mo fà á yọ, mo kà á. Kò sí ìkíni kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, èmi nìkan nínú ilé. Mo ya á, mo gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, orí ìpàdé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo tún un ṣe.

"Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin àna mi. Ẹ kú àdúrótì. Ẹ bá mi kí bàbá ẹnu géètì, kí ẹ bi wọ́n bí orúnkún wọn ti ń ṣe. Ìpàdé ọ̀la, aago mẹ́jọ ni. Ẹ ó rántí pé èmi ni mo pẹ́ níjọ́sí. Mò ń ra àkàrà bọ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.