Ọ̀wọ̀ Tó Jó Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹsẹ̀-Òwú ni wọ́n ń pe bàbá náà, kì í sì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun. Mọ́tò tí ilé ìwòsàn fi ń gbé aláìsàn ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wà. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti dá kì í fẹ́ kí dírẹ́bà máa yí jíà bí ẹni ń la igi ìdáná, bàbá yìí sì máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tó ń tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí jíà tó wọlé, jẹ́jẹ́ débi pé àwọn tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn á máa béèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ ti gbéra. Ó ní aboyún kan bímọ sínú mọ́tò òun rí, ọmọ náà ò sì jí títí wọ́n fi délé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀, tó ti gbọ́ ìtàn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, a máa béèrè pé ìyá ọmọ náà ńkọ́, ṣé òun náà sùn ni?

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ògbólógbòó mọ́tò kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, ó so pátákó mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, ó wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kò yí padà rí: "Mọ́tò kì í purọ́. Bó bá ké, ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́."

Ó wá di ọjọ́ kan, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké mọ́ bàbá alára lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ ti jíà kìíní bọ̀ ọ́ ní oríta, á dún gààrà, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Obìnrin aránṣọ kan tó ń kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́?"

"Ṣé ìwọ lo wà nídìí rẹ̀ ni?"

"Rárá o, sà."

"Ó dáa. Mọ́tò ti darúgbó nìyẹn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú. Mọ́tò tó darúgbó ṣeé tún ṣe. Bí kì í bá wá ṣe mọ́tò ló darúgbó, a jẹ́ pé... Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí kò lè wakọ̀ mọ́ kò lè kọ́ni ní ọkọ̀. Bí kò bá sì kọ́ni ní ọkọ̀, kí ló fẹ́ máa jí ṣe láàárọ̀? Kó máa ka adìyẹ alájọgbélé?

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n ló gbé e lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n ọ̀hún ò tíì hù. Onírùngbọ̀n pa ẹ́ńjìnnì, ó yí gbogbo jíà wò, wọ́n ń wọlé wẹ́rẹ́. Ó tún un tan, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, ó ti jíà ẹ̀yìn bọ̀ ọ́. Mọ́tò ò dún pínkín. Ó fa búrékì ọwọ́, ó ki í sí jíà kẹta, ó sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe yẹ kí ẹ́ńjìnnì tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le koko kú.

"Ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́yin náà gbìyànjú ẹ̀ wò, Bàbá."

Bàbá jókòó. Gààrà!

Onírùngbọ̀n ò wo ibi ọ̀pá jíà rárá. Ilẹ̀ mọ́tò ló ń wò. Ó rí i pé ẹsẹ̀ òsì bàbá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Bàbá ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀.

Ní báyìí, ta ló fẹ́ sọ ọ́? Ẹnu ta la ó ti gbọ́ pé ìyá baálẹ̀ lájẹ̀ẹ́? Onírùngbọ̀n họ irùngbọ̀n, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá pa irọ́ tó fi bí ilé ṣe kọ́ ọ hàn.

"Okùn kílọ́ọ̀ṣì ló dẹ̀, Bàbá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ara bàbá yá gágá. "Mo ti ń sọ ọ́ látàárọ̀!"

Mẹkáníìkì fún okùn náà le, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìdajì péré, á ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Jíà wọlé. Bàbá fi ayọ̀ wakọ̀ lọ. Nígbà tó yá, ìdajì ò tó mọ́, ó tún padà wá. Onírùngbọ̀n tún fún okùn náà le sí i. Ó mọ̀ pé okùn tó bá le jù kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì di ẹ́ńjìnnì mú dáadáa, pé ńṣe ni wọ́n á jọ máa fi ara ha ara wọn títí tí yóò fi jó. Ó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó fún okùn náà le. Kò kúkú sẹ́ni tó ń bínú sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fágbà.

Ibi òkè tó lọ sí ọjà ni ọ̀wọ̀ ọ̀hún ti já wọn kulẹ̀. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ń hó gèè, mọ́tò ò lọ. Òórùn bí irun tó jó gba inú ọkọ̀, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá tẹ búrékì. Ẹlẹ́rù náà dúró, ó ku díẹ̀ kí imú rẹ̀ kan ìdí wọn. Dírẹ́bà rẹ̀ yọrí síta.

"Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ ni?"

Wọ́n wọ́ mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù Onírùngbọ̀n. Nígbà tó tú awo kílọ́ọ̀ṣì jáde, ó ti jó dúdú. Bàbá fọwọ́ kan okùn, ó le bíi wáyà aṣọ sísá. Ó ti bá mọ́tò gbé ju kí wọ́n máa ṣàlàyé èyí fún un.

"Ta ló fún okùn yìí le tó báyìí?"

Onírùngbọ̀n dọ̀bálẹ̀ sínú epo. "Èmi ni, Bàbá. Kò sí ohun tó ṣe mọ́tò yín látìbẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tó o wá ń fún un le?"

 Ìyá, ìyàwó bàbá, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó di báàgì rẹ̀ mú, ló dáhùn.

"Bàtà yín tòsì tó ń bọ́ lẹ́sẹ̀ yín láìmọ̀, tí mò ń ṣà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láràárọ̀ ńkọ́, olówó orí mi? Ṣé okùn tiẹ̀ náà ló dẹ̀?"

"O rí i, o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ ní bàtà ló fẹ̀."

 Bàbá ní kí wọ́n fi awo tuntun sí i, kí wọ́n dá okùn padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. Nígbà tí wọ́n parí, ó lé gbogbo wọn jìnnà, ó wọlé sídìí sítíárìn, ó tan án. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti jíà bọ̀ ọ́. Kò dún. Ó gbé ọ̀tún kúrò, ó fi òsì sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù. Ó ti jíà bọ̀ ọ́, gààrà! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. 

"Onírùngbọ̀n, wá wà wá lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n wá wo ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ yìí. Bọ́ aṣọ elépo yẹn, kó o má ba àga mi jẹ́."

Ìyá bọ́ sẹ́yìn. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àyè tó ti máa ń kọ́ni ní ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú títì. Bí wọ́n ṣe dé oríta, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ tẹ ilẹ̀ mọ́tò níbi tí kílọ́ọ̀ṣì ò sí. Onírùngbọ̀n ti yí jíà tán kí ẹsẹ̀ náà tó délẹ̀.