Ẹja Pupa Inú Àpótí Oníbúrẹ́dì

Ní ọdún tí wọ́n ń dáná sun ilé nítorí òṣèlú, yàrá kan ni mo háyà ní Ìkìrun. Mi ò ní sọ ẹgbẹ́ tí ó sun ilé tí mo ń gbé, nítorí àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè, a sì ń kí ara wa. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Onílé mi náà yè é, ṣùgbọ́n iná bó wọn lẹ́yìn. Mo sá lọ sí Òkukù, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ tíṣà níbẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé àǹtí mi, mi ò jáde mọ́. Mo lè dé ẹnu ọ̀nà, kí n rí ènìyàn méjì tí wọ́n dúró pọ̀, mo ti padà sẹ́yìn nìyẹn. Sójà gba ìjọba, ìlú rọ̀, àyà mi kò rọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó ní Ìkìrun ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Ọ̀gá mi ránṣẹ́ pé bí mi ò bá yọjú kí oṣù tó parí, àwọn yóò gba ẹlòmíràn. Àǹtí mi gbọ́ iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo wá ń wò láti àárọ̀ ni àpótí gíláàsì wọn. Oníbúrẹ́dì kan ló ti fi pàtẹ ọjà rí. Àǹtí mi rà á ní àlòkù, wọ́n ní kí kápẹ́ńtà fi pútì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì dí igun rẹ̀, wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ kan àti àpáàdì sínú rẹ̀, wọ́n sì da omi òjò kún un. Ó di ìgbà tí òórùn pútì lọ tán kí wọ́n tó kó ẹja sí i. Ẹja méjì ni, pupa bí ata, pẹ̀lú àmì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn ló mú wọn wá láti inú odò kékeré kan ní Inísà, ìlú tí mo ti dàgbà.

Màmá tí ó bí ọkọ àǹtí mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ọkọ fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní ìhà Jẹ́bà. Màmá kọ́kọ́ béèrè bóyá inú Ọ̀tìn, odò òrìṣà tí wọn kì í pa ẹja rẹ̀, ni wọ́n ti mú ẹja náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé rárá, ọkàn wọn balẹ̀, ni yẹ̀yẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹja tí o ò ní sè, o wá ń bọ́ ọ bí àlejò?"

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ẹ ó rí ọmọ wọn."

Àǹtí mi ti kà á nínú ìwé pé ìyá nìkan kọ́ ló ń tọ́ ọmọ nínú irú ẹja yìí, tọkọtaya ló ń ṣọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì wọn fojú rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà tóbi ju èkejì lọ, ó sì ń lé e kiri. Èmi ìbá ti yọ kékeré kúrò. Àpáàdì mìíràn ni àǹtí mi gbé sínú omi, kí ó lè rí ibi sá sí, wọ́n sì ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ìjà tán, àwọn méjèèjì ń fi ẹnu fọ òkúta pẹlẹbẹ náà. A pe èyí tó tóbi ní Baálé. Ta ni yóò rò pé ìyàwó lè tóbi ju ọkọ lọ?

Wọ́n yé ẹyin. Àwọn méjèèjì dúró tì í, wọ́n ń fẹ́ omi sí i. Ṣùgbọ́n ẹyin náà funfun, ó hu bí òwú, ó bàjẹ́. Àǹtí mi yọ òkúta náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ yé ẹyin, àǹtí mi fa àpótí ìjókòó, wọ́n kúnlẹ̀ lé e, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Lójijì wọ́n pè mí.

"Wá wo Baálé rẹ o!"

Baálé ń fi ikùn rá lórí òkúta, ó ń to ẹyin kalẹ̀. Èkejì tẹ̀lé e, òun náà ń yé tirẹ̀.

Màmá yọjú. "Háà! Orogún ni wọ́n! Ọkọ wọn ni kò sí nílé."

"Bí i tèmi náà, Màmá," ni àǹtí mi wí.

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Àǹtí mi fi ṣọ́ọ̀kì ya ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi. Nígbà ẹyin, ọ̀pá oníhò kékeré kan máa ń yọ jáde lábẹ́ ikùn ẹja. Ti àwọn méjèèjì kúrú, ó sì fẹ̀ lẹ́nu. Ìwé sọ pé ti akọ tín-ín-rín, ó sì ṣe ṣóńṣó. Akọ ni a nílò, bí a bá sì rán àwọn ọmọdé, èyíkéyìí tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọn yóò mú wá.

"Ní Sátidé, mò ń lọ sí Inísà," ni àǹtí mi wí, wọn ò wo ojú mi. "Mi ò mọ abẹ́ òkúta tí wọ́n ń gbé. Màá máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá rí."

Èmi mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé, mo tẹ̀lé wọn. Nínú àlọ wa, ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo rántí dáadáa. Mo dúró nínú ilé, àǹtí mi dúró níta, wọ́n ń tún gèlè wé títí mo fi jáde. Wọn ò dì mí mú. Nínú odò ní Inísà, ọwọ́ mi mọ òkúta kọ̀ọ̀kan. A mú púpọ̀, a dá púpọ̀ padà, kí a tó rí ọ̀kan tí abẹ́ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

Nígbà tí a ń padà, ọkọ̀ kún. Ọkùnrin kan tí ó sígbọnlẹ̀ jókòó tì mí, mo sún mọ́ àǹtí mi. Ó wo agolo tí a fi gbé ẹja náà, tó wà láàárín orúnkún mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu agolo. Àǹtí mi dá a lóhùn: "Ọkọ ìyàwó ni."

"Kí ọkọ ìyàwó sanwó ọkọ̀ o!" ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kígbe, gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kí omi má baà dànù. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Òun ni àjèjì àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà iná.

Àǹtí mi gbé Baálé sínú ìkòkò omi, kí ó ku abo kékeré nìkan nínú àpótí. Wọn kò ju akọ náà sínú àpótí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ìgò gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni wọ́n fi í sí, wọ́n gbé ìgò náà sínú omi, kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn. Nígbà tí abo kò kọlu ìgò mọ́, wọ́n tú akọ sílẹ̀. Ẹyin tí wọ́n yé kò funfun. Ó ní ojú, ó ní ìrù, ó ń mì. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò wọlé, wọ́n rí bàbá àti ìyá tí wọ́n ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ kiri, bí ọ̀kan bá sì ṣáko, bàbá a fi ẹnu gbé e padà.

Nígbà tí oṣù ku díẹ̀ kó parí, mo sọ fún àǹtí mi pé mo fẹ́ lọ yọjú níbi iṣẹ́. Wọn ò yìn mí. Wọ́n béèrè bóyá mo ní ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, wọ́n wá di iṣu fún mi, pé kí n má fi ọwọ́ òfo lọ kí onílé mi ní Ìkìrun.