Ohun Tí Wọ́n Fín Sí Ẹ̀yìn Idà

Ìlú Suwanee ni ilé baba tí mo kọ́kọ́ tọ́jú ní Amẹ́ríkà wà. Òyìnbó ni, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé ní ìlú Duluth. Idà mẹ́fà ló gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, ti àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Faransé àtijọ́.

Ó fẹ́ràn kí n bá òun nù wọ́n. "Má wo ojú rẹ̀," ló máa ń wí, "ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o wò." Níbi tí ẹ̀yìn idà ti nípọn, nítòsí èèkù, wọ́n fín orúkọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Bí ọdún bá ti parẹ́, ó ní kí n wo bí wọ́n ṣe pe ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ọba, ọba ló ń ṣàkóso ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, wọ́n ti lé ọba lọ.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ta ló ń rìn lẹ́yìn ilé. Mo máa ń yọjú wò, n kò rí ẹnì kankan. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo bá òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ lórí tábìlì ìdáná. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn idà náà, ẹ̀jẹ̀ sì yọ ní ìka mi.

Mo pe ọmọ rẹ̀. "Dádì yín ti pọ́n àwọn idà o, ma."

"Dádì mi kì í bínú," ló wí. "Mo ń bọ̀ ní Sátidé."

Ní Tọ́sídeè, ní àárọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn. Baba dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ tó fi sùn, idà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ?"

"Èmi ni, sà. Èmi tí mò ń tọ́jú yín."

"Irọ́ ni."

Ó sún mọ́ mi títí ṣóńṣó idà fi kan bọ́tìnì kóòtù mi. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n rọ idà yẹn?"

Ó dúró. Ó yí i padà, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó sì ń fi ìka tọ ohun tí wọ́n fín síbẹ̀. "Ti ọba ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti olùkọ́. "Oṣù kẹwàá." Kò rí ọdún rẹ̀ kà. Mo na ọwọ́, mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a wò ó. Ó gbé e fún mi, èèkù ló kọ́kọ́ nà sí mi.

Mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú búùtù mọ́tò mi, mo tì í, mo sì pe ọmọ rẹ̀. Kò dúró de Sátidé mọ́. Nígbà tó débẹ̀, mo fi ibi tí ṣóńṣó idà ti kan kóòtù mi hàn án, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n gbé baba lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí ibi tí mo ti wá, bí ẹni tí kò rí mi rí. Ilé mìíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń kan ilẹ̀kùn, màá dúró, màá fetí sílẹ̀ dáadáa kí n tó wọlé.