"Wọ́n Ní" Kò Lójú

Òórùn amọ̀ tó ti mu omi yó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ilé ẹ̀kọ́ wa ní Okpomẹ́ta. Àmù ńlá kan wà ní igun kíláàsì, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, tí ara rẹ̀ máa ń làágùn ní gbogbo òwúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lórí ilẹ̀ Kétu mọ ohun tí omi jẹ́ fún wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga jìn, ẹni tó bá sì pẹ́ dé ìdí rẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò fà sókè. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń pọnmi sí àmù náà: lónìí ọmọ yìí, lọ́la ọmọ tọ̀hún. Bí o bá bu ife kan mu níbẹ̀ lẹ́yìn eré, tútù rẹ̀ á wọ eyín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, a dé kíláàsì, a bá àmù ní fífọ́. Ilẹ̀ ti mu gbogbo omi inú rẹ̀, òórùn amọ̀ náà sì gba gbogbo yàrá.

Olùkọ́ wa, tí à ń pè ní Mẹ́tìrù lédè Faransé bí gbogbo olùkọ́ ìgbà náà, kò pariwo. Ó wo àpáàdì náà títí, ó ní ẹni tó fọ́ ọ kò ní jókòó sí kíláàsì òun mọ́. Kò tíì pa ẹnu dé tí orúkọ Àbẹ̀ní ti ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Àbẹ̀ní máa ń jókòó sí. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé létí abúlé; ìyá tó bí i ti kọjá sí Nàìjíríà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyá àgbà náà ń wá ìdí kan ṣá tí yóò fi yọ ọ́ níléèwé, kí ó lè máa bá òun yan gàrí. Bí Mẹ́tìrù bá lé e lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn. Òun ni pípọn omi kàn lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun ló sì kúrò ní kíláàsì kẹ́yìn. Ẹ̀rí tí a ní kò ju ìyẹn lọ.

Mẹ́tìrù ní kí a mú adúwáàsì wa jáde, pátákó dúdú kékeré tí a fi ń ṣe ìṣirò. Ẹ̀yin náà á rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: rúlà á dún lórí tábìlì, ká ronú, á tún dún, ká kọ, á dún lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo pátákó á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ti ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yìí, kì í ṣe ìṣirò. "Ta ló fọ́ àmù?" ni ó bi wá.

Rúlà dún. Ọlátúndé, tó dàgbà jù nínú wa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀, yíjú sẹ́yìn, ó sì fi ètè lásán pe orúkọ náà. Mo di ẹfun mú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi dínà mọ́ mi. Ìyá mi kì í gba "wọ́n ní" lẹ́nu ọmọ. Bí a bá sáré wọlé pé wọ́n ní báyìí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀, yóò gbójú sókè níbi tó ti ń yin àgbàdo, á ní: "Ojú tìrẹ dà níbẹ̀? 'Wọ́n ní' kò lójú." Mo bẹ̀rù rẹ̀ ju Mẹ́tìrù lọ. Mo kọ ọ́ ní Faransé pé n kò mọ̀: *Je ne sais pas*.

Ẹ má rò pé ìgboyà ni o. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá ti rí i pé tèmi yàtọ̀, ọwọ́ aṣọ mi ò jìnnà, n ó nù ún kíá. Ṣùgbọ́n rúlà dún, pátákó gòkè, tèmi náà sì gòkè.

Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní, yí gbogbo kíláàsì ká. Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó kàn fi pátákó òfìfo bojú. Mẹ́tìrù wá dúró níwájú mi, ó ka tèmi sókè. Ẹ̀rín bú. Èsì olódo ni *Je ne sais pas*, èsì ẹni tí ìṣirò ti rú lójú. Èmi tí ìyá mi fi ń yangàn! Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ tó mu omi àmù mu èmi náà.

Mẹ́tìrù kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ọlátúndé. "Ìwọ, o rí i?"

"Wọ́n ní, Mẹ́tìrù..."

"Àwọn ta ni?"

Ọlátúndé wolẹ̀. Mẹ́tìrù bi ẹni tó tẹ̀lé e, òun náà wolẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ká nu pátákó wa, ká ṣí ìwé kíkà. Àbẹ̀ní kò kúrò ní kíláàsì. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó fọ́ àmù. Ó sì lè jẹ́ Àbẹ̀ní náà ni.

Kò sẹ́ni tó yìn mí. Jẹ̀nsepá, bí èsì mi ṣe ń dún lẹ́nu, ni wọ́n sọ mí lórúkọ títí mo fi kúrò níléèwé náà, Àbẹ̀ní sì ń bá wọn pè é. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà, mo ní ìyá mi ló fà á. "Ṣé orúkọ náà bù ọ́ jẹ ni?" ló wí, ó sì ń yin àgbàdo rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ tí mo fi kórìíra òwúrọ̀ yẹn. Mo pinnu nínú ara mi pé n kò tún ní dá yàtọ̀ láwùjọ mọ́.

Mo mú ìpinnu náà ṣẹ, ó mà ṣe o. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí ní Pobẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan fi ìlẹ̀kùn fíríìjì ilé ìwòsàn wa sílẹ̀ ní ṣíṣí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ bàjẹ́. Wọ́n ní Fúnmi ni, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀. Ọ̀gá wa pè wá jọ. Ó ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, kí a fohùn ṣọ̀kan, kí ẹni tó bá gbà pé kí Fúnmi máa lọ na ọwọ́ sókè. Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò wá.

Ìpàdé àgbà kò ní rúlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ ń gòkè, àyè sì wà láti wo ti ẹlòmíràn. Mo wo tiwọn tán kí n tó na tèmi. N kò rí i kí Fúnmi sún mọ́ fíríìjì náà rí, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo rí i. Fúnmi fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi," ó sì lọ.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi obìnrin, tó máa ń yà kí Fúnmi bó bá ń bọ̀ láti iléèwé, bi mí pé ibo ni Fúnmi lọ. "Wọ́n ti ní kó máa lọ," ni mo dá a lóhùn, "wọ́n ní òun ló ba abẹ́rẹ́ jẹ́."

Bí mo ṣe gbọ́ "wọ́n ní" lẹ́nu ara mi, etí mi gbóná bíi ti ọjọ́ kìíní. Ọmọ tí mo jẹ́ ní Okpomẹ́ta ṣe ohun tó tọ́, ojú sì tì í lójú ẹsẹ̀. Èmi ṣe ohun tí kò tọ́, mo sì rìn délé láìsí ìtìjú kankan lára mi. Bí ọmọ yẹn bá dúró níwájú mi lónìí, tó bi mí ìdí tí mo fi na ọwọ́ sókè, n kò ní lè kọ *Je ne sais pas* fún un. Mo mọ̀.