Bàbá Alámọ̀ Lọ Gba Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣí ààrò tuntun tí a ó máa fi sun ìkòkò nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wa ni Bàbá Alámọ̀, olùkọ́ amọ̀ wa, fa ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó wá ń fi iṣẹ́ náà kọ́ onítọ̀hún padà. Ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ó ṣojú gbogbo wa. Oníléeṣẹ́ táìlì tó fún wa ní ààrò náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ọ̀gá àgbà wa wà níbẹ̀, obìnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kó tó di ọ̀gá Bàbá Alámọ̀. Ọkùnrin tí à ń pè ní Ọ̀gá Táìlì náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò; òun ló ń dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nílé-iṣẹ́ yẹn. Oṣù tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni Bàbá Alámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

"Ìwọ, sún mọ́ bí," ni Bàbá Alámọ̀ wí fún un. "Ṣé o mọ ohun tó ń mú kí táìlì ká?"

Ọ̀gá Táìlì tẹrí ba. "Ẹ là mí lóye, sà."

"Etí rẹ̀ ló ń yára gbẹ ju àárín lọ. Kí lo máa wá ṣe? Pákó méjì tó tẹ́jú ni wàá fi há a láàárín, wàá sì máa yí i padà láràárọ̀. Má kánjú o! Amọ̀ ò mọ ìkánjú."

Orí oníléeṣẹ́ wú. "Bàbá, èyí mà dára o. Ta ló kọ́ yín?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Mo rò ó ni."

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ bojú. Àwa olùkọ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá Táìlì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bàbá Alámọ̀ ti kú báyìí. A ti sin ín, a sì ti sunkún rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àmọ́ ti bàbá yìí yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ọ́ dère, á kọ́kọ́ bá a jiyàn lórí bó ṣe gbẹ́ imú.

Ohun tó kórìíra jù láyé ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ìkọ́ni ni kò fẹ́ o. Bàbá yẹn lè kọ́ ògiri. Pé kí ẹlòmíì kọ́ òun ni kò bá a lára mu. Ìgbà kan wà tí wọ́n kó gbogbo wa jọ sínú gbọ̀ngàn, olùkọ́ ijó, olùkọ́ orin, olùkọ́ ọ̀dà, a jókòó yí tábìlì ká. Obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan ló wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí kálukú ya ibi tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun dé lọ́jọ́ iwájú, ká yà á wéré, ká sì fi han ara wa. Olùkọ́ ijó ya oòrùn. Olùkọ́ orin ya ọ̀nà tó gun orí òkè lọ. Bàbá Alámọ̀ ya àpótí tó máa ń jókòó lé ní kíláàsì rẹ̀. Kò burú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya òjìji àpótí náà.

"Bàbá, àkókò ti tó, sà."

"Òjìji ò tíì délẹ̀."

"Kò pọn dandan kó dára, sà. Èrò inú yín la kàn fẹ́ rí."

Yéè! Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ó pọn dandan kó dára lẹ wá sọ ìyẹn fún! Bàbá Alámọ̀ rọra gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lẹ̀ ń bọ̀, àbí ẹ ṣìnà ni?"

Ló bá tún mú pẹ́ńsù rẹ̀. Nígbà tí a fi jẹun ọ̀sán tán, ó ṣì ń ya òjìji. Obìnrin náà fi í sílẹ̀, ó ń fi ohùn tó ń rẹlẹ̀ sí i dá àwa tó kù lẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán ọ̀hún sì dára. Ìyẹn ló tún ń bíni nínú jù.

Ti àwọn tó ń wá bá wa ṣe àjọṣepọ̀ tiẹ̀ tún wá burú ju ìyẹn lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ò rí já jẹ. Bí kò bá sí alájọṣe níta, kò síbi tí àwọn ọmọ yóò ti fojú kan iṣẹ́ gidi. Ọ̀gá àgbà á rìn títí, á bẹ̀bẹ̀ títí, ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé òun ń bọ̀ wá wò wá. Kí onítọ̀hún tó dé ọ́fíìsì, Bàbá Alámọ̀ á ti ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òfin tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá a fọwọ́ sí, ni pé ẹni tó bá fẹ́ bá ilé-ẹ̀kọ́ wa da nǹkan pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ po amọ̀. Ó ní ọwọ́ èèyàn ò lè parọ́ nínú amọ̀. Kíá lòun á mọ̀ bóyá ẹni náà ní sùúrù.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan wá báyìí, bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa bá wọn kun ojú ìtàgé. Nígbà tí Ọ̀gá àgbà máa fi rí i, ó ti bọ́ sínú aṣọ iṣẹ́, amọ̀ ti dé ìgúnpá rẹ̀, Bàbá Alámọ̀ sì dúró tì í gbọin.

"Tún un pò. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀."

Ọkùnrin yẹn lọ, a ò rí i mọ́ dòní.

"Bàbá!" Ọ̀gá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe bẹ ọkùnrin yẹn tó?"

"Kò ní sùúrù."

"Ta ló ní sùúrù nílé-ẹ̀kọ́ yìí bí kò ṣe èmi?"

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá àgbà tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà sì dá kún ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lójú èèyàn, "Ọ̀gá wa" ló máa ń pè é. Bí ilẹ̀kùn bá ti lè padé báyìí, ó di "ìwọ ọmọ yìí."

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ààrò àtijọ́ wa fi là. Ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣe é lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá mọ ìkòkò tí kò síbi tí wọ́n á ti sun ún, kí ni wọ́n mọ? Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ là á mọ́lẹ̀: bí ààrò ò bá sí kí sáà tuntun tó wọlé, kí wọ́n ti kíláàsì amọ̀ pa, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ kọ́ nǹkan míì. Ni Ọ̀gá àgbà bá sáré tọ ilé-iṣẹ́ táìlì lọ. Wọ́n gbà. Wọ́n láwọn á fún wa ní ààrò oníná mànàmáná, àwọn á sì máa gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ láti fi mọ̀wé mọ iṣẹ́. Ohun kan péré ni wọ́n ní kí a ṣe: kí olùkọ́ tó máa lò ó wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn, kó sì yege.

Ọ̀gá àgbà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a ní yàrá amọ̀. Ògiri ibẹ̀ ò nípọn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ta ni yóò dá mi lẹ́kọ̀ọ́?"

Ó dárúkọ Ọ̀gá Táìlì fún un. Ó wá jẹ́ pé ọmọ kan tí Bàbá Alámọ̀ fúnra rẹ̀ lé kúrò ní kíláàsì láyé àtijọ́ ni. Ó ti sọ fún un lójú ẹgbẹ́ pé iṣẹ́ amọ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ wá nǹkan míì ṣe.

"Ọmọ yẹn?"

"Òun ni, sà. Òun ni ọ̀gá olùkọ́ ibẹ̀ báyìí."

"Kí èmi lọ jókòó síwájú ẹni tí mo lé? Láéláé!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó máa joyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Àáké ta ni? Àáké èmi kọ́ lo ń sọ yẹn?"

"Bí ẹ ò bá lọ, wọ́n á ti kíláàsì yìí pa."

"Kí wọ́n tì í."

A gbọ́ nígbà tí orúnkún kan ilẹ̀. "Sà, inú kíláàsì yìí lẹ ti sọ mí dèèyàn. Ṣé èmi ni kí n wá tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n tì í?"

"Dìde, ìwọ ọmọ yìí. Ilẹ̀ tutù."

"Ṣé ẹ máa lọ?"

"Mo ní kí o dìde."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ló wá bá wa parí ẹ̀. "Bàbá ọmọ," ó ní, "ẹ tètè máa lọ. Ẹ lọ bá wọn jiyàn lọ́hùn-ún, kí etí tèmi náà sinmi díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ míì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló ròyìn fún wa. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wo Ọ̀gá Táìlì láti òkè délẹ̀, ó ní, "O rí ara ẹ báyìí? Tí n ò bá lé ọ nígbà yẹn, ṣé wàá dà báyìí?" Ọkùnrin yẹn ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kí ni kó sọ? Bàbá Alámọ̀ bá aago ara ògiri jiyàn pé ó ń sáré jù. Ó ní ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún òun kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí amọ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ó gbàwé ẹ̀rí délé, ààrò sì dé lóòótọ́, wọn ò sì ti kíláàsì náà. Ìyókù lẹ ti gbọ́, bó ṣe dúró níwájú gbogbo ayé tó ní òun ló rò ó.

Ìtàn yẹn là ń sọ ní yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ tí a ti ibi ìsìnkú dé. A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá Táìlì bá wa wá, ó jókòó sáàárín wa, olùkọ́ ijó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀kọ́ tó fi kọ́ bàbá ni bàbá tún fi kọ́ ọ padà. Ó bá wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀kan wà tẹ́ ẹ ò mọ̀, tí mo bẹ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n má sọ. Ó ti lọ báyìí, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́."

Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀hún ku díẹ̀ kó parí. Wọ́n ti kó iṣẹ́ gbogbo àwọn olùkọ́ sínú ààrò, wọ́n sì ti sun ún. Ẹni tó bá ti sun ìkòkò rí mọ̀ pé a kì í ṣí ààrò tó ṣì gbóná. Bàbá Alámọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àmọ́ ààrò oníná mànàmáná ò ní èéfín, kò lẹ́yinná. Bàbá wò ó, kò rí nǹkan kan, ó gbà pé ó ti tutù, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó ṣí i. Atẹ́gùn wọlé, táìlì bẹ̀rẹ̀ sí í là, tàà, tàà, tàà. Iṣẹ́ gbogbo wọn ló bà jẹ́. Àwọn yòókù pariwo, wọ́n ní kí wọ́n dá bàbá náà padà sílé láìfún un níwèé ẹ̀rí. Ọwọ́ Ọ̀gá Táìlì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ojú Ọ̀gá àgbà yí padà. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣa àfọ́kù. Kò gbójú sókè. Ó ní, 'Ìkòkò kan ṣoṣo lo bà jẹ́ tí mo fi lé ọ. Wo bí èyí ṣe pọ̀ tó. Lé mi.'"

"Mo bá a ṣa á," ni Ọ̀gá Táìlì wí. "Mo ní, 'Sà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́la.' Ó ṣa á títí, ó wá ní, 'O ò ní sọ fún ọmọ mi?' Mo ní ọmọ yín wo, sà? Ó ní, 'Ọ̀gá wa.'"

Ọ̀gá àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá yìí!" ó ní. "Gbogbo ìgbà tó lò lókè eèpẹ̀! Ṣé kò lè sọ fún mi ni? Ṣé mo fẹ́ bínú ni?"

Gbogbo wa mọ̀ pé ì bá bínú gan-an ni. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.